Ìpín Àwọn Ará Òkun

Ẹ̀yin ará Fọlá Àgòró tí ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ tí mo dé pé "Báwo ni Sàró ṣe rí?", ẹ wá ibi jókòó sí. Ìbéèrè yín kì í ṣe èyí tí à ń dáhùn lórí ìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa ọkọ̀ òfuurufú àti ìwé ìrìnnà, kó lọ bi àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Onípanu, wọ́n á dá a lóhùn. Èmi, ohun tí ojú mi rí, tí ẹnu mi tọ́ wò, tó sì mú mi sunkún níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín, ni mo fẹ́ sọ. Abọ́ kan ló gbé mi lọ. Abọ́ náà ló tún gbé mi bọ̀.

Abọ́ tánganran

Nílé wa, a kì í bu oúnjẹ àsè láì kọ́kọ́ bu ti àwọn ará òkun. Ẹni tó bá ti bá wa jẹun rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹran Iléyá ni o, ìrẹsì Kérésì ni o, torí mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì la jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, ṣíbí àkọ́kọ́, inú abọ́ tánganran funfun kan tó ní etí búlúù ló ń lọ. Abọ́ náà ti họ nídìí, ó ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Nígbà tí ogun ń tú àwọn ìlú òkè ká, wọ́n kó ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá kan nínú ìran wa, lóko, ní ojú ọ̀sán. Wọ́n mú wọn fẹsẹ̀ rìn dé etí ọ̀sà, wọ́n tà wọ́n fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ẹnì kan tó já bọ́ ló wá ròyìn pé òun rí wọn títí wọ́n fi wọ ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá yìí ti ń bu oúnjẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Kò jẹ́ kó bàjẹ́, kò sì jẹ́ kí ọmọ ilé fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí, ló ń pè wọlé láti jẹ ẹ́. Ó ní, "Bí mo bá ń bọ́ ọmọ ẹni tí n kò mọ̀, ẹni tí n kò mọ̀ á máa bọ́ tèmi."

Ohun tí a jogún nìyẹn, òfin rẹ̀ sì le: ọmọ ilé kì í jẹ ìpín ará òkun. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, mo yọ àkàrà kan ṣoṣo nínú abọ́ náà. Ẹgba tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, bí mo bá rí àkàrà lónìí, àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì ń rántí.

Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ló ń tọ́jú abọ́ náà báyìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló dàgbà jù nílé. Yàrá rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wa fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ló ti ń bu ìpín náà láti ìgbà tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti rọ.

Ní ìpàdé ẹbí tó kọjá, àbúrò mi Músílíù, tó ń tún fóònù ṣe ní Palmgrove, dìde. Ẹ mọ Músílíù, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn lẹ́nu.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o. Ta gan-an là ń bọ́? Àwọn tí wọ́n kó lọ ti kú. Àwọn ọmọ wọn ti kú. Bó bá jẹ́ sàráà la fẹ́ máa ṣe, kò burú, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní sàráà, ká yé tan ara wa jẹ."

 Mo rí orí mélòó kan tó ń mì pé òótọ́ ni. A rò pé Ìyá Ẹ̀yìnkùlé máa bínú. Kò bínú. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu abọ́ náà, ó ní, "Músílíù ò parọ́." Ó wá yíjú sí mi. Ó ti gbọ́ pé Dáúdà, oníbàárà mi tó wá tẹ kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí wọn ní ṣọ́ọ̀bù mi, ti pè mí pé kí n wá kí wọn ní Sàró, ilẹ̀ tí wọ́n ti tú ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrú sílẹ̀.

"Ìwọ ni wàá gbé e lọ. Bí o bá rí ilé kan, ilé kan ṣoṣo, tó ń rántí pé àwa náà wà, gbé abọ́ mi bọ̀ wálé. Bí o kò bá rí, jù ú sómi níbi tí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀, kí ọwọ́ mi simi."

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ìpàdé tú.

Ibi tí òkun gé jẹ

Bí èèyàn bá dé Sàró, omi ló máa kọ́kọ́ là kọjá kó tó wọ ìlú. Mo dúró síwájú ọkọ̀ ojú omi, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fìlà mi, ìlú Fúrítáùn, olú ìlú wọn, sì jókòó sórí òkè níwájú mi bí àgbà tó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń ti odò bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ etí ọ̀sà wa ní Bàrígà, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ wa àti omi jọ sùn pẹrẹsẹ ni. Ti ibẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òkun ti gé etí ilẹ̀ jẹ kọ́lọ́fín-kọ́lọ́fín, bí ìgbà tí ọmọdé gé etí àkàrà yíká. Nínú kọ́lọ́fín kọ̀ọ̀kan, omi dákẹ́, kò ru. Ọkọ̀ tí òkun ti lù nílùkulù a sá wọ ibẹ̀ lọ simi.

Dáúdà wá pàdé mi. Ó fi ọwọ́ tọ́ka: "Ẹ̀gbọ́n, ìdákẹ́jẹ́ omi yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ òyìnbó kọ́kọ́ ń wá pọn omi mímu níbẹ̀. Wọ́n ra eyín erin. Nígbà tó yá, wọ́n ń ra èèyàn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ mìíràn dé tó ń lé àwọn tó ń kó èèyàn, tó ń gba àwọn èèyàn náà lójú agbami, tó sì ń kó wọn wá tú sílẹ̀ síbí. Omi kan náà ni. Wọ́n ti ibẹ̀ kó èèyàn lọ, wọ́n tún ti ibẹ̀ tú èèyàn sílẹ̀."

Mo fọwọ́ kan àpò mi. Abọ́ wà níbẹ̀.

A sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan tó ru ẹja kọjá, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Kúṣẹ́ o!" Mo dúró gbagidi. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ kankan láti àárọ̀ àfi ìjókòó, síbẹ̀ mo dáhùn pé "Òo!" Dáúdà ní bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn, láàárọ̀, lálẹ́, bóo ń ṣiṣẹ́ bóo ń sùn. Mo sọ fún un pé ìlú tí wọ́n ti ń kí ọ̀lẹ pé ó kú iṣẹ́, mi ò mọ̀ bóyá mo máa padà sílé ní Ṣómólú.

Oúnjẹ ewúrẹ́

Fúrà Béè ni àdúgbò tí Dáúdà ń gbé, ní ọ̀kan nínú àwọn kọ́lọ́fín òkun yẹn. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n tú sílẹ̀ ló tẹ̀dó síbẹ̀ láyé ijọ́un, àrọ́mọdọ́mọ wọn sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ títí dòní. Kírió ni wọ́n ń sọ, ìbátan píjìn tiwa ni. Lọ́jọ́ kejì mo ti ń gbọ́ ọ, lọ́jọ́ kẹta mo ti ń fi ṣàwàdà. Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ wọn di Yorùbá fún yín níbí.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Màríámà ìyàwó Dáúdà gbé ìrẹsì síwájú mi, ó da ọbẹ̀ ewé lé e, epo pupa yí i ká, ẹja gbígbẹ ń yọjú nínú rẹ̀. Mo jẹ, mo tún jẹ. Mo ní, "Ìyàwó wa, ewé wo lèyí?"

"Ewé gbágùúdá."

Ṣíbí dúró lẹ́nu mi. "Gbágùúdá tí a fi ń ṣe gàrí? Ewúrẹ́ ló ń jẹ ewé ẹ̀ nílé wa!"

"Ẹ̀n-ẹ́n," Màríámà dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ó hàn pé ewúrẹ́ yín gbọ́n jù yín lọ."

Mo bu àbùkún.  Láti ọjọ́ náà, "Ọ̀gá Ewúrẹ́" ni orúkọ mi nílé náà. Mo fara mọ́ ọn, torí pé lójú títì "Ígwé" làwọn ọmọdé ń pè mí. Fíìmù wa ni wọ́n ń wò, wọ́n sì rò pé gbogbo ọkùnrin Nàìjíríà tó bá dé fìlà, ọba ni.

Dáúdà mú mi lọ kí Yá Ràmátù, ìyá arúgbó tí gbogbo àdúgbò ń bọlá fún. "Yá" ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

Ìyá arúgbó náà figbe ta: "Ẹ fà á sókè! Ẹ fà á sókè, àlejò ti ṣubú!"

Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ dì mí mú lápá. Dáúdà ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣàlàyé tán pé ìkíni ni, Yá Ràmátù gbé dígí ojú rẹ̀ wọ̀, ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó ní, "Kó tún un ṣe. Mi ò wò ó dáadáa."

Mo tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo wá ṣe. Mo lọ láti ilé dé ilé, mo ń ki oríkì ilé wa fún àwọn àgbà, bóyá ìlà kan máa ta wọ́n létí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹni pàtẹ́wọ́ fún olórin, wọ́n ní ó dùn. Mo bi wọ́n pé ta ló ń rántí wa, kò sí ẹni tó mọ̀.  Mi ò ní ìgboyà láti mú abọ́ jáde. Ọjọ́ ń lọ.

Erékùṣù

Mo ní kí wọ́n gbé mi dé erékùṣù tí àwọn oníṣòwò ẹrú kọ́ odi sí nínú odò ńlá ibẹ̀. Ọlọ́kọ̀ kan tó ń jẹ́ Sórì ló wà mí lọ, ọkùnrin gbọọrọ kan tí ọ̀rọ̀ ń dùn mọ́.

A dé ibẹ̀. Igi ti gbé ògiri mì. Ìbọn àgbá dùbúlẹ̀ sínú koríko bí ẹran tó sùn lọ. Sórì fi ẹnu ọ̀nà kan hàn mí tó kọjú sómi, ó ní gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá, kò padà. Ẹyẹ ń ké lókè wa, ó ń ké bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta kan. Mo mú abọ́ jáde nínú àpò. Mo ní lọ́kàn mi pé bóyá ibí ni kí n jù ú sí, kí n lọ sọ fún Ìyá Ẹ̀yìnkùlé nílé pé Músílíù ò parọ́.

Sórì wò mí. "Níbo ni àwọn èèyàn yín ti wọ ọkọ̀?"

"Ní Èkó."

"Ẹni tó wọkọ̀ ní Èkó kò dé ibí. Àwọn tí wọ́n kó láti inú igbó tiwa ni wọ́n kó gba ibí lọ, wọ́n sì lọ ni. Bí wọ́n bá gba tiyín là, ọ̀hún, ní ìlú, ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má gbé ẹrù síwájú ilé onílé."

Mo dá abọ́ padà sápò. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a fi máa padà dé àárín odò, omi ti ń wọ inú ọkọ̀ látìsàlẹ̀, igbá tí Sórì fi ń gbọ́n ọn sì ti bọ́ sínú odò. Ó nawọ́ sínú àpò mi láìtọrọ, ó fa abọ́ náà yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́nmi.

"Sórì! Abọ́ yẹn kì í ṣe fún..."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀wẹ̀?"

"Rárá."

"Ó dáa, ẹ gbà á, ẹ máa gbọ́n lọ, kí n lè máa tukọ̀."

Báyìí ni mo fi abọ́ àwọn ará òkun gbọ́n omi títí a fi gúnlẹ̀, ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rù ń bà mí. Mo sọ fún abọ́ náà pé bó bá jẹ́ pé ó ti gbà mí lọ́wọ́ omi báyìí, mo máa kọ́kọ́ rò ó dáadáa kí n tó jù ú sómi.

Ẹni tó kọ oúnjẹ

Ó ku ọ̀la kí n padà, Yá Ràmátù ṣe àwùjọ. Àwùjọ tiwọn, oúnjẹ tí wọ́n ń sè ní ìrántí àwọn baba ńlá wọn ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan fẹ́ lọ kàwé lókè òkun, wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún un kó tó lọ. Àgbàlá kún. Ẹ̀wà wà, àkàrà wà, dòdò wà, ànàmọ́ díndín wà; ọ̀lẹ̀lẹ̀ wà, èyí tí a ń pè ní mọ́ínmọ́ín. Òórùn epo tó gbóná gbé mi padà sí Fọlá Àgòró.

Wọ́n gbàdúrà tán. Yá Ràmátù dìde, ó bu ṣíbí àkọ́kọ́ sínú àwo onígi kan tó ti dúdú fún ọjọ́ orí. Ó fi àkàrà lé e, ó fi ewé bò ó. Ó rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la àgbàlá já, ó sì gbé e síwájú mi.

"Ti àlejò ni," ni ó wí. "Àlejò ló máa kọ́kọ́ jẹ, kí àwa tó jẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ mi kọ̀. Mo fẹ́ nà án, kò nà. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń yún mí bí ọjọ́ tí mo jẹ ẹgba. Mo dìde dúró. "Yá, ẹ má bínú. Mi ò lè jẹ ẹ́."

Ariwo sọ. Ọkùnrin kan ní, "Ó rò pé a fi májèlé sí i!" Màríámà dá a lóhùn láti ìdí ìkòkò: "Ẹni tó jẹ oúnjẹ ewúrẹ́ lájẹtán, kí ló tún kù tó ń bà á lẹ́rù?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Yá Ràmátù kò rẹ́rìn-ín. Dáúdà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ sí mi létí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Bí àlejò bá kọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó lè jẹun nínú àgbàlá yìí."

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo mú abọ́ tánganran jáde, mo gbé e lé ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo onígi. Mo sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: ìyá tí wọ́n kó lọ́mọ mẹ́ta, ṣíbí àkọ́kọ́, ẹni tó ń kọjá lọ, ẹgba tí mo jẹ, ọ̀rọ̀ Músílíù. Mo ní, "Ọmọ ilé kì í jẹ irú oúnjẹ yìí nílé wa. Mo wò ó, mo rí i pé òun ni. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n kí èmi tó mọ̀ ọ́n."

Yá Ràmátù jókòó sórí àpótí tó wà nítòsí. 

"Ta lẹ sọ pé ẹ ń bu tiyín fún?"

"Àwọn tí wọ́n kó lọ."

"Ẹ mọ ẹni tí àwa ń bu tiwa fún? Àwọn tó kù nílé. Ìyá tó bí ìyá ìyá mi sọ pé nígbà tí wọ́n ń fa òun lọ, òun wẹ̀yìn, iná ń jó lórí òrùlé. Kò mọ̀ bóyá ẹnì kankan kù tó máa jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní kí a máa bu tiwọn. Bí wọn ò bá sì wá, kí àlejò bá wọn jẹ ẹ́." Ó nàka sí mi. "Ẹ̀yin lẹ sọnù! Ẹ̀yin la ti ń wá!"

"Àwa?" Ohùn mi ti yí. "Yá, àwa ò kúrò lójú kan! Ẹ̀yin la rò pé ẹ sọnù!"

Ẹ̀rín tó bú nínú àgbàlá náà, bóyá ẹ gbọ́ ọ ní Bàrígà. Àwọn obìnrin ń lu itan ara wọn. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ èwo ni mo kọ́kọ́ ṣe.

Mo bi í pé ṣé ó rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ó mi orí. "Mi ò mọ̀. Ewì tí o ń ké káàkiri àdúgbò, n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Èèyàn tí wọ́n kó pọ̀ ju ọmọ mẹ́ta lọ. Ẹ̀rí ò sí níbí o, ọmọ mi. Oúnjẹ ló wà níbí." Ó wá gbójú le. "Àlejò ń jẹ ẹ́ torí pé onílé kò wá. Ìwọ wá. Àbí o fẹ́ kí n lọ fa ẹlòmíràn wọlé láti ojú títì, kó wá jẹ oúnjẹ rẹ lójú rẹ?"

Mo jókòó. Mo jẹ ẹ́. Àkàrà ni mo kọ́kọ́ mú.

Nígbà tí gbogbo èèyàn ti jẹun tán, Yá Ràmátù gbé abọ́ tánganran náà sókè, ó ń yí i wò. "Ta ló ń fi èyí bu oúnjẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ó ti dàgbà gan-an."

"Ṣé ó ti jẹ nínú ẹ̀ rí?"

"Kò jẹ ẹ́ rí, Yá. Ọmọ ilé ni."

Ó pòṣé. "Obìnrin ti ń bu oúnjẹ látọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó bu tiẹ̀." Ó ké sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n gún kányà. Ẹ̀pà yíyan àti ìrẹsì ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ṣúgà, ó jọ dońkúà wa, ó sì lè pẹ́ láìbàjẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kì í sínú abọ́ náà tó fi kún dé etí, ó fi aṣọ funfun dì í, ó so ó ní kókó méjì.

Ilé

Gbogbo ilé ló pé sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ tí mo dé. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Kò kí mi káàbọ̀. Ọwọ́ mi ló ń wò. Nígbà tó rí ohun tí mo gbé, ó mí kanlẹ̀.

Mo sọ ohun tí mo ti sọ fún yín. Mo tú aṣọ náà, mo gbé abọ́ sórí itan rẹ̀. Ó yára gbọ́wọ́ sẹ́yìn.

"Ọmọ ilé kì í jẹ ìpín ará òkun."

"Màmá, kì í ṣe ìpín ará òkun. Ìpín tiwa ni, àwọn ará òkun ló bù ú. Ìyá arúgbó kan lọ́hùn-ún ló ní kí n gbé e fún yín."

Ó wò mí. Ó wo abọ́. Ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ kírun. Ó fi ìka méjì bu díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó dijú.  Ó jẹ ẹ́ tán, ó bu ìkejì, ó bu ìkẹta.

"Ó dùn," ni ó wí. Ó tún fi ahọ́n kan ètè rẹ̀. "Ṣúgà ẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀."

Ariwo ayọ̀ sọ. Ó pín ìyókù fún gbogbo wa, ó pín in kárí dé orí ọmọ ọwọ́. Wọ́n fọ abọ́, wọ́n gbé ẹ̀wà kaná. Nígbà tó jinná, ẹnì kan ti gba ìgbákọ mọ́ Ìyá Ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́ kó tó nawọ́ sí i. Músílíù ni. Ó bu ṣíbí àkọ́kọ́ sínú abọ́ etí búlúù, ó gbé e lọ sẹ́nu géètì.

Ó dúró síbẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke, tó kó ìdì bébà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onítẹ̀wé, tó kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n," Músílíù ké sí i, "ẹ dúró, ẹ jẹun."

Ọkùnrin náà wo abọ́, ó wo ojú rẹ̀. "Ṣé sàráà ni?"

"Rárá o, ìpín àwọn ará òkun ni," ni Músílíù wí, ó sì gbé ṣíbí lé e lọ́wọ́. "Ẹ jẹ ẹ́. Àwọn èèyàn wa lọ́hùn-ún náà ń jẹun."